Báǹkì Tí Kò Lè Kọ̀

Ní oṣù kẹrin ọdún 1993, ìwé ìròyìn Financial Times tú àṣírí kan nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ìjọba ayé pawọ́ pọ̀ dá báǹkì kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní EBRD, kó lè ran àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ nínú ètò Kọ́múníìsì lọ́wọ́. Ìwé ìròyìn náà ṣírò ohun tí báǹkì yìí ti ná sórí ara rẹ̀, lórí ilé, àga, ọkọ̀ òfuurufú àti owó oṣù, ó sì tó nǹkan bíi 200 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Owó tó ti tẹ àwọn tí wọ́n torí wọn dá a sílẹ̀ lọ́wọ́ kò ju nǹkan bíi 100 mílíọ̀nù lọ. Mábù wà ní àbáwọlé ilé náà tẹ́lẹ̀, àmọ́ kò tẹ́ àwọn ọ̀gá lọ́rùn. Wọ́n yọ ọ́ dànù, wọ́n sì ná 750,000 pọ́n-ùn láti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹfà, Jacques Attali, ará Faransé tó jẹ́ ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀, kéde pé òun ń lọ.

Kò sí ọmọ Nàìjíríà tó máa ka èyí tí kò ní rẹ́rìn-ín. A mọ irú ẹ̀ dáadáa.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ báǹkì yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, níbi ìpàdé wọn nílùú Samarkand ní Uzbekistan, àwọn tó ni ín fọwọ́ sí i pé kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àwọn ilẹ̀ díẹ̀ ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Nàìjíríà àti Benin ti wà lára àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ báyìí. Èyí ni pé àwọn tó fi Warsaw, Budapest àti Tirana kọ́ṣẹ́ ń bọ̀ wá bá wa sọ̀rọ̀ lórí bó ṣe yẹ kí báǹkì rí. Èmi náà ti jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń yẹ ìwé àwọn tó fẹ́ yáwó wò, ní báǹkì kan l'Ékòó tí mi ò ní dárúkọ, ìdí nìyẹn tí ìtàn àwọn ilẹ̀ yìí fi máa ń gbà mí lọ́kàn. Mábù kọ́ ló jẹ mí lógún níbẹ̀. Ohun tó jẹ mí lógún ni bí èèyàn ṣe ń sọ fún ẹni tó wá yáwó pé kò ṣeé ṣe, àti ẹni tí a máa ń sọ ọ́ fún.

Lábẹ́ ètò Kọ́múníìsì, báǹkì wà, ìwé wà, èlé pàápàá wà lórí ìwé. Kíkọ̀ ni kò sí. Ní Soviet Union, Gosbank nìkan ni báǹkì àpapọ̀, òun náà ló sì ń fún ilé-iṣẹ́ lówó. Bí ètò ìjọba bá ti ní kí ilé-iṣẹ́ kan ṣe iye katakata báyìí lọ́dún yìí, báǹkì á gbé owó irin, owó epo àti owó oṣù sílẹ̀ fún un. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè bóyá katakata náà máa tà. Owó tó wà nínú ìwé ilé-iṣẹ́ pàápàá yàtọ̀ sí owó tó wà lápò àwọn òṣìṣẹ́. Owó inú ìwé kò ṣeé sọ di owó ọwọ́ bó bá ṣe wuni; ó kàn ń ti ojú ìwé kan bọ́ sí òmíràn láti fi hàn pé ètò ń lọ ni.

Àwọn aráàlú náà ń fowó pamọ́ o, wọ́n sì ń fi púpọ̀ pamọ́, torí pé nǹkan tí wọ́n máa rà kò sí lórí igbá. Ẹlòmíràn fi ogún ọdún kó owó mọ́tò jọ. Ìgbà tí ìjọba Rọ́ṣíà wá tú iye owó ọjà sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1992, ọjà gbówó lórí ní nǹkan bí ìdá 2,500 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún náà. Ẹni tó ti ní owó mọ́tò lọ́wọ́ ní oṣù Kejìlá kò rí owó bàtà nínú rẹ̀ mọ́ nígbà tí ọdún fi máa parí. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí mo bá dé orí Albéníà. Àwọn èèyàn ibẹ̀ kò gọ̀ ju àwọn èèyàn ibòmíràn lọ.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ nínú àtúnṣe náà rọrùn, nítorí ìwé òfin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n ya báǹkì àpapọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára báǹkì oníṣòwò. Họ́ngárì ṣe é ní 1987. Ní 1989, Pólándì yọ báǹkì mẹ́sàn-án jáde lára National Bank rẹ̀, ó pín wọn káàkiri ìpínlẹ̀. Wọ́n kun pátákó, wọ́n tẹ káàdì tuntun. Ẹni tó ń lu òǹtẹ̀ lórí ìwé ètò ìjọba lánàá di ọ̀gá ẹ̀ka lóònù lónìí, lórí àga kan náà, pẹ̀lú àwọn oníbàárà kan náà, ìyẹn àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó ti jẹ gbèsè tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ yìí mọ ìyàwó rẹ̀, ó mọ ọmọ rẹ̀. Bí ọ̀gá lóònù bá kọ̀ láti yá a lówó, ẹgbàárùn-ún òṣìṣẹ́ lè padà sílé ní ọjọ́ kan, gómìnà á sì béèrè ẹni tó fà á.

Mo mọ bí àga yẹn ṣe máa ń gbóná. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kì í pàṣẹ fún wa pé ká yá ẹnìkan lówó. Fóònù á kàn dún láti òkè ni. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo ìwé Alhaji yẹn, ọmọ wa ni. Ọ̀gá ní kó má pẹ́ o." Mo máa ń kọ ohun tí mo rí sínú fáìlì: ilẹ̀ tó fi dógò ní ẹjọ́ lórí, ọjà tó ní òun ń kó wọlé kò sí nínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Wọ́n á ka ohun tí mo kọ, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n á fọwọ́ sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Balógun á wá béèrè owó tí kò tó owó táyà mọ́tò Alhaji, a ó sì ní kó lọ mú onígbọ̀wọ́ méjì wá, kó mú ìwé ilé wá, kó mú ìwé owó orí ọdún mẹ́ta wá. Bí a ṣe ń kọ̀ nìyẹn. "Rárá" kò tán nílé wa rí, ó kàn jẹ́ pé àwọn tí kò lè pe òkè là ń ná an fún.

Pólándì ni mo fẹ́ràn jù nínú àwọn ìtàn yìí, torí pé ẹni tó ṣe òfin wọn dà bí ẹni tó ti gba irú fóònù yẹn rí.

Leszek Balcerowicz, mínísítà ètò ìnáwó, ló bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ńlá ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1990. Kí owó złoty má bàa wó lulẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tú u sílẹ̀, àwọn ìjọba ilẹ̀ olówó kó bílíọ̀nù kan dọ́là jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún Pólándì. Wọn kò fọwọ́ kan owó náà rárá. Mímọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ti tó. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, dípò kí àwọn tó ni owó kó o padà, wọ́n gbà kí wọ́n lò ó fún bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé gbèsè, tí ìjọba fi ró àwọn báǹkì lágbára, wọ́n sì so ó mọ́ títa báǹkì wọ̀nyí fún aládàáni. Nínú gbogbo ìrànwọ́ tí mo ti kà nípa rẹ̀, èyí ló wù mí jù, bóyá torí pé owó kan náà ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní oṣù kejì ọdún 1993 ni òfin náà fúnra rẹ̀ jáde. Nígbà yẹn, gbèsè tí kò ní padà wálé ti kún inú àwọn báǹkì mẹ́sàn-án yẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùgbaninímọ̀ràn máa ń sọ ni pé kí ìjọba dá ilé kan sílẹ̀, kó kó gbogbo gbèsè tó ti kú lọ síbẹ̀, kí báǹkì sì máa bá ayé rẹ̀ lọ lọ́wọ́ fúyẹ́. Ohun tí Czechoslovakia ṣe ní 1991 nìyẹn. Pólándì ní rárá, kí gbèsè wà lọ́wọ́ ẹni tó yá owó náà jáde. Ìjọba fún wọn ní bọ́ǹdì ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí àpò wọn lè nípọn tó láti gba àdánù, ó sì jẹ́ kó yé wọn pé kò sí ẹlẹ́ẹ̀kejì. Báǹkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju gbèsè búburú lọ. Wọ́n fún wọn ní nǹkan bí ọdún kan. Kí gbèdéke náà tó pé, onígbèsè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí san owó, tàbí kó ti bá àwọn tó jẹ ní gbèsè ṣe àdéhùn, tàbí kí wọ́n ti ta gbèsè rẹ̀ fún ẹlòmíràn, tàbí kí wọ́n ti gbé e lọ sílé ẹjọ́ kó lọ kógbá sílé. Tí àwọn tó ni ju ìdajì gbèsè lọ bá fọwọ́ sí àdéhùn, dandan ni fún àwọn yòókù láti tẹ̀ lé e. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo lára àwọn tó yáni lówó máa fa gbogbo èèyàn sẹ́yìn.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Tí gómìnà bá pe báǹkì pé kí wọ́n ṣàánú ilé-iṣẹ́ kan, ọ̀gá báǹkì ní ìdáhùn: "Ẹ má bínú, sà, òfin ti dájọ́ fún mi." Ẹrù kíkọ̀ kúrò lórí ẹni kan, ó bọ́ sórí kàlẹ́ńdà. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kó sí ẹ̀ka gbèsè búburú wọ̀nyẹn lọ sí ilé-iṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wo ẹ̀rọ, wọ́n ka ìwé ọjà, wọ́n pinnu èyí tó lè yè. Iṣẹ́ yẹn gan-an ló kọ́ wọn ní iṣẹ́ báǹkì. Tí wọ́n bá ti kó gbèsè náà lọ sí ibòmíràn, ta ni ìbá kọ́ wọn?

Ìrànwọ́ mìíràn tún wà níbẹ̀. Wọ́n so báǹkì Pólándì kọ̀ọ̀kan mọ́ báǹkì ilẹ̀ òkèèrè kan bí ìbejì, kí àgbà lè máa rán òṣìṣẹ́ wá kọ́ àbúrò. WBK tó wà nílùú Poznań ni wọ́n so mọ́ AIB láti Írẹ́lándì. Nígbà tí wọ́n ta WBK ní 1993, EBRD ra ìdá 28.5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. AIB náà ra ìpín tirẹ̀ ní 1995, ó sì padà di ẹni tó ni ín. Mo ṣì ń bọ̀ wá bá AIB.

Họ́ngárì ṣe òdìkejì, láìmọ̀ọ́mọ̀. Láàárín 1991 sí 1994, ìjọba ibẹ̀ ró àwọn báǹkì lágbára léraléra, lọ́dọọdún bí ọdún. Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kejì, ta ló tún máa gbàgbọ́ pé ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ìkẹyìn? Nígbà tó yá, iṣẹ́ báǹkì ibẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àjèjì: wọ́n ta báǹkì lọ́kọ̀ọ̀kan fún àwọn ará ìta, títí tó fi jẹ́ pé nígbà tí ẹ̀wádún yẹn ń parí lọ, ó ti lé ní ìdajì tó wà lọ́wọ́ wọn.

Ti Czech tún yàtọ̀. Wọ́n pín ilé-iṣẹ́ ìjọba fún aráàlú nípa ìwé ẹ̀tọ́ ìpín, ó sì dára létí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn kó ìwé tiwọn fún àwọn àpò ìdókòwò, àwọn báǹkì ńlá ló sì ń darí èyí tó tóbi jù nínú àwọn àpò náà. Ìjọba ṣì ní ìpín tó pọ̀ nínú àwọn báǹkì yẹn. Nítorí náà, báǹkì ló ń yá ilé-iṣẹ́ lówó, àpò báǹkì ló tún ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́, ìjọba ló sì wà lẹ́yìn báǹkì. Bí wọ́n bá gbé onígbèsè lọ sílé ẹjọ́, ara wọn ni wọ́n ń gbé lọ. Ọ̀rọ̀ náà parí sí ibi tí ọlọ́pàá tó dìhámọ́ra fi wọ olú ilé-iṣẹ́ báǹkì IPB ní Prague ní oṣù kẹfà ọdún 2000, tí wọ́n sì fa báǹkì náà lé báǹkì mìíràn, ČSOB, lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ẹstóníà ni ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi tó wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ilẹ̀ kékeré, tí èèyàn rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ lọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 1992, wọ́n pa owó ruble tì, wọ́n gbé kroon jáde. Ẹnì kọ̀ọ̀kan lè pààrọ̀ 1,500 ruble sí 150 kroon. Kroon mẹ́jọ dọ́gba pẹ̀lú máàkì Jámánì kan, òfin sì de báǹkì àpapọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ tẹ owó tí kò ní ohun tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Lára ohun tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ni wúrà tí Ẹstóníà àtijọ́ ti kó pamọ́ sí òkèèrè kí àwọn Soviet tó gba ilẹ̀ náà. Ó tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mọ́kànlá. Wọ́n dá a padà fún wọn lẹ́yìn àádọ́ta ọdún.

Kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí báǹkì mẹ́ta lára àwọn tó tóbi jù níbẹ̀ fi dákú ní oṣù kọkànlá. Méjì nínú wọn ní owó tó há sí Moscow. Ẹ̀kẹta, Báǹkì Ìṣòwò ti Tartu, fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀. Gbogbo èèyàn rò pé ìjọba máa dìde. Siim Kallas, gómìnà báǹkì àpapọ̀, ti èyí tó wà ní Tartu pa. Àwọn tó fowó síbẹ̀ pàdánù èyí tó pọ̀ jù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ìyẹn gan-an ló sọ Ẹstóníà di ohun tó dà lónìí, pé láti ọjọ́ náà ni oníbáǹkì kọ̀ọ̀kan ti mọ̀ pé kò sí baba ìsàlẹ̀. Mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n mo tún ń ronú nípa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Tartu, tí ruble jẹ owó rẹ̀ ní oṣù kẹfà tí báǹkì sì jẹ ìyókù ní oṣù kọkànlá. Kò yá ẹnikẹ́ni lówó, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé ìṣirò báǹkì. Ó rọrùn láti yin ìgboyà Kallas láti ọ̀nà jíjìn. Tó bá jẹ́ èmi ni mo jókòó síbẹ̀, mo lérò pé màá ti báǹkì náà pa, ṣùgbọ́n màá wá owó kékeré kan fún àwọn olówó kékeré.

Ní Albéníà, kò sí Kallas, kò sì sí òfin bíi ti Pólándì. Báǹkì ìjọba mẹ́ta ló ni gbogbo nǹkan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo owó ìfowópamọ́ ilẹ̀ náà ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n yá àwọn tó mọ èèyàn lówó, gbèsè kò padà wálé, àwọn aláṣẹ wá fi òdiwọ̀n de owó tí wọ́n lè yá jáde. Ó bọ́gbọ́n mu lórí ìwé. Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé oníṣòwò kékeré kò rí owó yá ní báǹkì mọ́, ó lọ sọ́dọ̀ àwọn ayánilówó ojú pópó. Àwọn wọ̀nyí náà nílò owó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbà á lọ́wọ́ aráàlú pẹ̀lú èlé ńlá. Owó wà nílé, torí pé ọmọ Albéníà púpọ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Gíríìsì àti Ítálì, wọ́n ń fi ránṣẹ́. Ìjọba ń wò wọ́n, ó ní wọn kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Àwọn kan, bíi VEFA, ní iṣẹ́ gidi díẹ̀. Àwọn mìíràn kò ní nǹkan kan lẹ́yìn owó ẹni tó dé kẹ́yìn. Sudja jẹ́ ti obìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ bàtà. Nígbà tí 1996 ń lọ sópin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí figagbága. Populli ní òun á máa san ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Xhafferri ní owó rẹ á di ìlọ́po mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́ta. Sudja ní oṣù méjì péré ni tòun, á sì di ìlọ́po méjì. Àwọn àgbẹ̀ ń da màlúù àti àgùntàn wọ Tirana láti lọ tà, kí wọ́n lè rí owó fi sí i. Àwọn mìíràn ta ilé. Ilẹ̀ náà kò ní ju mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ èèyàn lọ, àwọn bíi mílíọ̀nù méjì ló sì ti fowó sí Xhafferri àti Populli nìkan. Gbogbo gbèsè tí àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí jẹ aráàlú lórí ìwé dé bílíọ̀nù kan àti igba mílíọ̀nù dọ́là, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ohun tí gbogbo ilẹ̀ náà ń pèsè lọ́dún kan. IMF àti Báǹkì Àgbáyé kìlọ̀. Àwọn kan lára ilé-iṣẹ́ náà ti dá owó fún ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba nígbà ìdìbò ọdún yẹn. Ìkìlọ̀ kò wọ etí.

Sudja dákú ní oṣù kọkànlá. Ní oṣù kìíní ọdún 1997, gbogbo rẹ̀ wó. Àwọn èèyàn jáde sí ìgboro, wọ́n já ilé ìbọn ológun, ìjọba pàdánù gbogbo gúúsù ilẹ̀ náà. Nǹkan bíi 2,000 èèyàn ló kú. Wọ́n ní láti kó ọmọ ogun láti ilẹ̀ bíi mélòó kan wá, Ítálì ló ṣáájú wọn.

Ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Àwa náà mọ iye yẹn. Sergei Mavrodi tó dá MMM sílẹ̀ ní Moscow, tó jẹ owó àìmọye ará Rọ́ṣíà ní 1994, tí wọ́n sì tún dìbò yàn sílé aṣòfin ní ọdún yẹn kan náà, òun ni MMM rẹ̀ gbòde lórí íntánẹ́ẹ̀tì wa ní 2016. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní Ìbàdàn wà lára àwọn tó "PH," ìyẹn ni pé ó fowó sí i, tó ń retí ìgbà tí òun máa "GH," kó gba owó padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé fún un, ó dá mi dúró. "Àbúrò, ṣé báǹkì yín ló máa yá mi lówó? Mo wá, ẹ ní kí n mú ìwé ilé wá. Ilé tí mi ò ní. Àwọn wọ̀nyí kò bi mí ní nǹkan kan." Nígbà tí wọ́n ti àkáǹtì pa ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, owó tirẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ sí mi mọ́, èmi náà kò bi í, torí ìbéèrè tó bi mí yẹn, n kò rí ìdáhùn rẹ̀.

Ohun tí àwọn tó ń kọ ìròyìn nípa àtúnṣe báǹkì kì í sábà fi síwájú nìyí. Báǹkì tí kò lè kọ̀ fún ẹni ńlá kì í ṣe ọ̀làwọ́. Gbèsè ẹni ńlá á jẹ owó rẹ̀ tán, aláṣẹ á de ọwọ́ rẹ̀, ẹni kékeré ló sì máa gbọ́ "rárá" tó yẹ kí Alhaji gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni Sudja máa ń dé.

Ṣé títa báǹkì fún àjèjì ló wá yanjú rẹ̀? Fún ìgbà díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Gómìnà Poznań kò ní nọ́ńbà fóònù ọ̀gá AIB tó wà ní Dublin. Ṣùgbọ́n ọ̀gá Dublin náà ní àwọn ọ̀rẹ́ tirẹ̀. AIB tó wá kọ́ àwọn ará Poznań bí a ṣe ń yẹ lóònù wò padà sílé lọ yá àwọn akọ́lé Írẹ́lándì lówó bí ẹni pé ilẹ̀ kò lè wọ́n kó sì tún rọ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dàrú lẹ́yìn 2008, ìjọba Írẹ́lándì kó ohun tó lé ní ogún bílíọ̀nù yúrò sínú rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba báǹkì náà pátápátá. Kí AIB lè rí owó, ó ní láti ta báǹkì rẹ̀ ní Pólándì fún Santander ní nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta yúrò. Akẹ́kọ̀ọ́ wà lára ohun tí wọ́n tà láti fi gba olùkọ́ là. Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ní Pólándì àti Họ́ngárì fúnra wọn, àwọn báǹkì yìí kan náà ti yá àwọn ìdílé lówó ilé ní owó Swiss franc, torí pé èlé rẹ̀ kéré. Ẹni tó ń gba owó oṣù ní złoty ń jẹ gbèsè ní franc. Ní nǹkan bí àárín ọdún 2008, franc kan tó nǹkan bíi złoty méjì. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2015, ó ti lé ní mẹ́rin. Họ́ngárì ti yí tirẹ̀ padà sí owó ilé ní òpin 2014, ó yọ. Pólándì kò yí i, ẹjọ́ sì kún kóòtù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Níbẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n kọ̀ fún ẹni kékeré. Wọ́n gbà fún un, ní owó tí kò yẹ kí wọ́n fún un.

Àwa náà ti ní tiwa kí EBRD tó dé. Soludo, gómìnà báǹkì àpapọ̀ wa nígbà yẹn, sọ báǹkì 89 di 25 ní 2005. Ní 2009, Sanusi tó gba ipò rẹ̀ yọ ọ̀gá báǹkì mẹ́jọ, ó gbé orúkọ àwọn onígbèsè ńlá sínú ìwé ìròyìn, ojú ewé lórí ojú ewé. Mo rántí bí àwa òṣìṣẹ́ ṣe ń ka orúkọ náà bí ẹni ń wo èsì ìdánwò, tí a ń wá àwọn Alhaji wa. Lẹ́yìn náà, ní 2010, AMCON, ilé-iṣẹ́ ìjọba, dé, ó kó gbèsè búburú kúrò lọ́wọ́ àwọn báǹkì. Ọ̀nà Czechoslovakia la tọ̀, kì í ṣe ti Pólándì. AMCON ṣì ń lé onígbèsè kiri kóòtù, àwọn tó yá owó náà jáde sì ti gbàgbé pé àwọn ni.

Ìdí nìyí tí mo fi ń wo ọ̀nà tí EBRD máa gbà wọlé. Ọ̀nà tó rọrùn fún un ni pé kó kó owó lé báǹkì wa lọ́wọ́, kí wọ́n fi yá oníṣòwò kékeré àti àwọn obìnrin oníṣòwò. Irú owó bẹ́ẹ̀ rọrùn láti kà nínú ìròyìn ọdọọdún, fọ́tò rẹ̀ á sì dára. Mi ò bá a jà. Ìyá Balógun nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe ní WBK ní 1993 ló wù mí kó ṣe níbí: kó ra ìpín, kó jókòó nínú ìgbìmọ̀ olùdarí, kí ẹnìkan tí kò mọ bàbá Alhaji, tí kò sì ní àǹfààní kankan lọ́dọ̀ gómìnà, wà níbẹ̀ nígbà tí fáìlì lóònù ńlá bá dé orí tábìlì, kó sì ka ohun tí ọmọ ìsàlẹ̀ kọ sínú rẹ̀. Ìyẹn nira ju mábù lọ, kò sì ní fọ́tò. Ó tún lè mú kí àwọn tó pè é wá má fẹ́ràn rẹ̀ mọ́ kí ọdún tó yípo.